Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lójijì: Ohun Tí Ojú Wa Rí àti Ohun Tí A Kọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ akọ̀wé sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ ní Asawase, Kumasi

   

Nígbà tí wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ akọ̀wé wá sọ̀rọ̀, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a tún fẹ́ sọ. Rárá o, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú ilé wa ni kọ̀ǹpútà ti wà báyìí. Ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ìyá ń fi kọ ìṣirò ọjà, bàbá ń fi rí ojú àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Òfà àti Ṣakí bí ẹni pé wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà. Ọjọ́ tó bá kú lójijì, gbogbo ilé ló máa ń dàrú. Tiwa tó kú, ẹgbẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Nítorí náà, a fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, kí ẹlòmíràn má bàa gba ibi tí a gbà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní "home used". A rà á láti máa fi tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti owó ìrànlọ́wọ́ tí olúkúlùkù ń san lóṣooṣù. Ìwé ńlá mẹ́ta la fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tán, ọkàn wa balẹ̀, a ò sì kọ ìwé mọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, akọ̀wé wa jókòó, ó ń tẹ owó oṣù wọlé. Gílóòbù ń tàn lókè, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ni ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó kú. Ó tàn án padà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún kú. Nígbà kẹta, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí a ṣí fáìlì kankan kó tó kú.

Ẹ gbọ́ ohun tí olúkúlùkù wí. Ẹnìkan ní àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà ló bà á jẹ́. Ẹlòmíràn ní iná ìjọba ni. Ẹlòmíràn tún ní kí a lọ yẹ̀ ẹ́ wò, pé ojú ayé ti wà lára owó ẹgbẹ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kan nínú ìlú. Kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Ó ní bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀ ti jó, ó gba owó, ó sì fi òmíràn sí i. A gbé e délé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa papòdà. Ẹ mọ òfin ẹgbẹ́: ẹni tó bá san owó rẹ̀ pé, ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó ìsìnkú kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Ìyàwó rẹ̀ wá bá wa, ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá yín ò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè rí." A mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ̀rí wà? Inú àpótí tó kú ni. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi ń wá rìsíìtì láti ilé dé ilé kí a tó lè san owó fún ìyá náà. Kò bú wa, kò sì bá wa jà. Èyí ló dùn wá jù.

Nígbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ló yanjú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kan àti súkúrúdíráfà ló mú lọ́wọ́. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń bi wá. Àwọn ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ lónìí.

BÁWO LÓ ṢE KÚ?

Ìbéèrè kìíní nìyẹn. A dáhùn pé, "Ó kàn kú ni." Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ikú ò jọra." Ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń gbà kú lójijì, èyí tó bá sì gbà ni yóò sọ ibi tí a ó kọ́kọ́ wò.

Ọ̀nà kìíní ni pé kó kú bí ẹni pé wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Kò kìlọ̀, kò dágbére. Ojú rẹ̀ ṣú, fáànù inú rẹ̀ sì dákẹ́. Èyí sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ iná tàbí ọ̀rọ̀ ooru.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ojú rẹ̀ di búlúù, kí lẹ́tà funfun kún un, tàbí kó kàn pa ara rẹ̀ kó sì tún ara rẹ̀ tàn. Èyí sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ: RAM tí ó ń rántí nǹkan fún un, díìsìkì tí ó ń tọ́jú fáìlì, tàbí ohun kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni pé kó dágbére. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ń palẹ̀ mọ́, ó pa gbogbo rẹ̀ dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kú. Èyí tó bá kú báyìí, àṣẹ ló gbà. Ó lè jẹ́ àtúnṣe tí Windows fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti fẹ́ tán. Ó lè jẹ́ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án ló há. Ó sì lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo kọ̀ǹpútà ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2003 lè rántí èyí tí wọ́n pè ní Blaster. Àpótí kékeré kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá láti 60 bọ̀ wá sílẹ̀. Bó bá ti tán, kọ̀ǹpútà á kú, á sì tún jí. Ní ọdún 2004, èyí tó ń jẹ́ Sasser tún ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn ra fáànù tuntun, owó rẹ̀ ló sọnù.

KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Ìbéèrè kejì ni pé: ìgbà wo ló kú, kí ni ẹ sì ń ṣe lọ́wọ́? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí a fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kí a máa kọ nǹkan mẹ́rin sí i: aago mélòó ló kú, ìṣẹ́jú mélòó ló ti fi wà ní títàn, kí ni a ń fi ṣe, àti kí ni ó tún ṣẹlẹ̀ nínú ilé nígbà náà. Ṣé gílóòbù ṣẹ́jú? Ṣé ẹnìkan tan áyọ́ọ̀nù? Ṣé fíríìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn?

Windows náà ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ tẹ Event Viewer sí ibi ìwákiri, ẹ ṣí Windows Logs, kí ẹ sì wo System. Bí ẹ bá rí Kernel-Power pẹ̀lú nọ́ńbà 41 ní àkókò tó kú, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà kú láìdágbére. Kò sọ ohun tó pa á. Àwọn kan á rí 41 yìí, wọ́n á sọ pé àrùn náà nìyẹn. Kì í ṣe àrùn, ìròyìn òkú ni.

Ohun tí ìwé kékeré tiwa fi hàn yà wá lẹ́nu. Bí a bá tàn án ní òwúrọ̀ kùtù tí ilé tutù, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Bó bá di ọ̀sán, kì í pẹ́ rárá. Yàtọ̀ sí èyí, ó kú lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí fíríìjì ẹgbẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀nà kan ò wọjà: àléébù méjì ló wà nílé wa, ọ̀kan sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Iná ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé kò ná wa ní nǹkan kan. Gbogbo wa la mọ ìtàn iná ní ilẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí Ààrẹ Kwame Nkrumah ti ṣí ìdídò Akosombo ní Oṣù Kìíní ọdún 1966 la ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí omi adágún Volta fà ní ọdún 2006 sí 2007, wọ́n ní láti máa pín iná fún wa. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan ba páìpù gáàsì jẹ́ nínú òkun Tógò. Páìpù yẹn, láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀, tó gba abẹ́ òkun wá sí Tema àti Takoradi. Wàhálà mìíràn gun orí ìyẹn, títí dé ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ dumsor fi kún ẹnu ọmọdé àti àgbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Twi ni pípa-àti-títàn. Ó tún yọjú sí wa ní ọdún 2024.

Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà tábìlì sì kú, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ ni iná tí kò lọ ṣùgbọ́n tó rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Gílóòbù á ṣẹ́jú, fáànù á ṣì máa yí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò lè fara dà á. Iná Gánà yẹ kó jẹ́ 230 fóltì. Bó bá wálẹ̀ jù tàbí tó gòkè jù, kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ́kọ́ kígbe.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n, ẹ ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà. Bí kò bá kú mọ́, ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n lọ̀daràn.

2. Ẹ pa iná sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wò ó. Bó bá dúdú, bó bá yọ́ díẹ̀, tàbí tó ń rùn bí ọ̀rá tó jó, ẹ má ṣe lò ó mọ́. Iná ilé ló fi ń bẹ̀rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

3. Ẹ ti wáyà tó wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà bọ inú dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọdé lábẹ́ tábìlì ló ń mì ín.

4. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá fíríìjì, áyọ́ọ̀nù tàbí ìgò omi gbígbóná onínáa pín ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan.

5. Bí ẹ bá ní UPS, ẹ dán an wò. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára rẹ̀, ẹ fi àtùpà oníná sí i, kí ẹ wá fa UPS yọ lára ògiri. Bí àtùpà bá kú lójú ẹsẹ̀, bátìrì UPS ti kú, òun gan-an ló sì lè máa pa kọ̀ǹpútà. Bátìrì rẹ̀ sábà máa ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ooru ilẹ̀ wa sì lè dín in kù.

Ẹ má ṣe da UPS pọ̀ mọ́ stabilizer. Stabilizer ń tún iná tó bá rẹ̀ tàbí tó bá le ṣe, ṣùgbọ́n kò ní iná ìpamọ́ nínú. Bí iná bá lọ, òun náà á lọ.

Ohun kan tún wà fún ẹ̀yin tí àwọn ẹbí fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn àwọn kan nínú àwọn ti àtijọ́, wọ́n kọ 115 àti 230 sí i. Ẹ rí i pé orí 230 ló wà kí ẹ tó fi sí iná. Èyí tó bá wà lórí 115, kò ní máa kú, kó máa jí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò kú, pẹ̀lú èéfín.

Nílé tiwa, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n ti jó dúdú nínú, fíríìjì sì wà lára rẹ̀. A ju ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n yẹn nù. Ikú tí fíríìjì ń fà dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò dáwọ́ dúró.

Ọ̀RỌ̀ OORU

Ẹ gbọ́ àmì ooru o: kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á kú, bí ẹ bá fi sinmi, á jí, bí ẹ bá tàn án láìfi sinmi, á yára kú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ tó bá wúwo, bíi fíìmù tàbí eré bọ́ọ̀lù, á sì jẹ́ kó yára kú sí i. Èyí ló jẹ́ kí a máa bá àwọn ọmọ jà lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò ṣẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Irin kan wà lórí rẹ̀ tó ń fa ooru náà, fáànù kékeré sì ń fẹ́ ẹ jáde. Bí fáànù ò bá yí mọ́, tàbí tí eruku dí ojú irin náà, ooru á máa gòkè. Bó bá fi lè sún mọ́ ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí í ṣe ìwọ̀n tí omi fi ń hó, ẹ̀rọ náà á pa ara rẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ má bàa jó. Ẹ̀yin ará wa, kọ̀ǹpútà wa kò bàjẹ́. Ikú ló ń sá fún.

Nígbà tí ọmọ yẹn ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu yà wá. Eruku ọyẹ́ tó ti Sàhárà wá, pẹ̀lú ti ojú títì àti eérú èédú, ti dì mọ́ ara wọn bí òwú lórí irin yẹn. Fáànù ò lè yí dáadáa. A sì tún rí ohun kan. Láti ìgbà tí a ti rà á ni àwọn ìyá wa ti fi aṣọ léèsì tó rẹwà bò ó, kí eruku má bàa bà á. Aṣọ yẹn ló dí ihò tó fi ń mí, a kì í sì í ṣí i bí a bá ń lò ó. Ìfẹ́ la fi bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. A ò mọ̀ ni.

Bí a ṣe nu ún nìyí. A pa á, a yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, a sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. A gbé e síta gbangba. A fọwọ́ kan ibi tó jẹ́ irin lára àpótí rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan inú, nítorí iná kékeré tó máa ń wà lára ènìyàn nígbà ọyẹ́ lè ba inú kọ̀ǹpútà jẹ́. A di fáànù mú kó má bàa yí, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku kúrò jẹ́jẹ́. A ò lo omi, a ò sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ máa ń bá afẹ́fẹ́ ẹnu jáde. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bó bá ti pẹ́ púpọ̀, ìpara tó wà láàárín ọpọlọ àti irin náà lè ti gbẹ. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ fi ìyẹn sí. Ìpara náà kì í wọ́n. Ẹni tó sì ní láptọ́ọ̀pù, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù bó bá ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e sórí tábìlì tàbí pákó pẹrẹsẹ.

Ọjọ́ tí a nu tiwa tán, a tàn án ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A jókòó yí i ká bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Wákàtí kan kọjá. Nígbà tó di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ṣì ń tàn.

BÍ KÌ Í BÁ ṢE INÁ TÀBÍ OORU

Bí ẹ bá ti yẹ méjèèjì wò tí kò sì dáwọ́ dúró, ó ku ohun mẹ́rin.

Èkíní ni power supply, àpótí irin kékeré inú kọ̀ǹpútà tí wáyà ògiri ń wọ̀. Bó bá ti gbó, á máa já kọ̀ǹpútà kulẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo. Ọ̀nà tó dára jù láti mọ̀ ni kí a yá òmíràn tó dára kí a fi dán an wò. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí àpótí yẹn fúnra rẹ̀, kódà bí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná máa ń kù nínú rẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Èkejì ni àwọn agolo kéékèèké tó dúró lórí bọ́ọ̀dù ńlá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 síwájú ni wọ́n fi èyí tí kò dára sí, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ò sì bọ́ níbẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí omi rírẹ̀dòdò bá ti jáde lára rẹ̀, ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ àtijọ́, kó ní kí wọ́n ṣí i kí òun wo àwọn agolo yìí kó tó sanwó.

Ẹ̀kẹta ni RAM. Bó bá jẹ́ pé ojú búlúù lẹ ń rí, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ yọ RAM, kí ẹ sì tún un fi sí ààyè rẹ̀ kó wọlé dáadáa. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kan sí i, ẹ lò ó fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá fi èkejì rọ́pò. Ẹ tún kọ nọ́ńbà tó wà lójú búlúù náà sílẹ̀. Òun ni atúnṣe fi máa mọ ibi tí yóò wò.

Ẹ̀kẹrin ni Windows fúnra rẹ̀ àti fáírọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ fi ohun tuntun kan sí i ló bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ohun náà kúrò. Ẹ sì rántí pé àwọn tó ṣe Windows 10 ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ayé dúró ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Kọ̀ǹpútà náà ò ní kú nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ á máa ṣí sílẹ̀ fún olè.

BÍ Ẹ BÁ GBÉ E LỌ SỌ́DỌ̀ ATÚNṢE

Atúnṣe rere pọ̀ ní Kumasi, a ò sì bú ẹnikẹ́ni. Àwa náà la jẹ̀bi, nítorí a ò ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹni yẹn sọ. Ẹ mú ìwé kékeré yín dání, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Bó bá ní nǹkan kan ti jó, ẹ ní kó fi hàn yín. Bó bá pààrọ̀ nǹkan, ẹ gba ògbólógbòó rẹ̀ padà. Kí ẹ tó gbé e kúrò nílé, ẹ da fáìlì yín kọ sí fláàṣì. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ ta kọ̀ǹpútà náà tàbí kí ẹ jù ú nù, ẹ yọ díìsìkì rẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ ò sì mọ ọwọ́ ẹni tó máa bọ́ sí.

ÌWÉ LÓ MÁA Ń JẸ́RÌÍ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kọ̀ǹpútà tí kò ní kú láé, kò sí. Gbogbo ohun tí a sọ yìí ò ju kí ikú rẹ̀ má wá lójijì. Ohun tó ká wa lára jù ni èyí tó kù.

Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé tàbí kí wọ́n kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà tó jókòó síbí jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ẹ rántí bí ẹ ṣe wọ lọ́rì. Ẹ ti sọ fún wa bí àwọn òbí yín ṣe fi ṣọ́ọ̀bù, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá mú ìwé rẹ̀ dání rí ibi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó padà dé, ẹni tí kò mú un ń fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wá, síbẹ̀ a fi àkọsílẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ sínú àpótí kan ṣoṣo. Ó yẹ kí ojú tì wá.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ akọ̀wé ti ń ṣe láti ìgbà náà nìyí. Ìgbà gbogbo tí a bá ti tẹ owó oṣù wọlé tán, a ń da fáìlì náà kọ sí fláàṣì méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan wà ní ilé akápò, kì í ṣe ilé kan náà. A sì ń tẹ orúkọ àti owó olúkúlùkù sórí bébà, ìyá ẹgbẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, bí fláàṣì bá sọnù, bébà á sọ̀rọ̀. A bẹ ẹ̀yin náà kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín: ìwé-ẹ̀rí ọmọ, àwòrán àwọn òbí tó ti lọ, ìṣirò ọjà. Ẹ má fi sí ojú kan ṣoṣo.

Ìyá tí a ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú wà láàárín wa lónìí. Ìyá, a gba àṣẹ yín kí a tó sọ ọ́. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́, a tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ò ní ṣẹlẹ̀ sí opó mìíràn lọ́wọ́ wa.

Ọmọ wa obìnrin tó fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ohun tí owó wa ò lè ṣe ti gbà láti máa wà níbí lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ń kú lójijì, kó gbé e wá. Ṣùgbọ́n kó mú ìwé kékeré rẹ̀ dání o, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi yín ni pé, "Báwo ló ṣe kú?"